Àwọn Ọmọ Tí A Kò Kà

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sùn lọ. Tí ẹ bá rí i pé ojú mi ti pa dé, ẹ gbá mi létí."

"Èmi ò ní gbá ọmọ ọlọ́mọ létí nínú ààwẹ̀. Dìde, kí o lọ sùn."

Muminat kò lọ sùn. Ó la ojú rẹ̀ tipátipá, ó tún tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tó gbé sórí tábìlì ìjẹun. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù Kẹta, yìnyín tó ṣẹ́kù lẹ́bàá títì sì ti dọ̀tí tán. Ìyá rẹ̀, Ràhámọ̀tù, sùn sórí àga gbọọrọ tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń bọ̀, níbi tó ti fi wákàtí mẹ́rìndínlógún ṣiṣẹ́ láìjókòó. Bàbá rẹ̀, Gàníyù, wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ àjàgbé tó kó ẹrù láti Bolingbrook, ọjọ́ kan péré ló sì ń sùn sílé lọ́sẹ̀. Ó rẹ gbogbo ènìyàn nínú ilé yẹn ní Matteson, lẹ́bàá ìlú Chicago. Ká sọ òótọ́, "ó rẹ̀ mí" ni wọ́n fi ń kí ara wọn ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Àwòrán ìsàlẹ̀ òkun ni.

Nínú oṣù Kìíní, yunifásítì kan láàárín ìlú Chicago yan akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà láti àwọn ilé ìwé girama, kí wọ́n wá ran àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ yìí ti sọ kámẹ́rà kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun tútù kan lọ́nà Alaska, níbi tí òfin ti dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn ẹ̀dá tí kò ní eegun ẹ̀yìn tó ń gbé ilẹ̀ òkun náà, iye tí wọ́n jẹ́, àti ibi tí irú kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí. Alákàn wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀, ìgbín òkun wà níbẹ̀, àti ìràwọ̀ òkun ọlọ́wọ́ márùn-ún. Àwọn kan sì wà tó dúró bí òdòdó tó tanná, tí Muminat àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní òdòdó òkun. Ẹran ni o, kì í ṣe òdòdó. Irú kan nínú wọn máa ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ ìdí, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn yí ká bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹgbẹ̀ta àwòrán ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbà. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, àyè méjì ló wà láti kọ iye sí, ọ̀kan fún àgbà, ọ̀kan fún ọmọ. Sátidé mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ wọn kí wọ́n tó fún wọn ní àwòrán kankan, nítorí pé ojú tí kò tíì kọ́ ọ lè pe òkúta ní kànrìnkàn òkun, tí òun náà jẹ́ ẹran, kó pe kànrìnkàn ní ẹrẹ̀. Olúkúlùkù wọn sì fọwọ́ sí ìwé pé ojú òun nìkan ni yóò ka àwòrán òun.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù lọ yóò bá àwọn onímọ̀ náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ nínú oṣù Kẹfà. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí Muminat ń wá nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, omi tó tóbi jù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kàn rí kò ju adágún Michigan lọ. Ó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sọ pé ó rẹ òun.

Ṣùgbọ́n igba àwòrán ó lé méjìlá péré ló tíì kà, ọjọ́ mẹ́fà ló sì kù. Ìdánwò ìṣirò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ààwẹ̀ ti wọ ọjọ́ kẹsàn-án. Ojú rẹ̀ ń ta á.

"Kí tiẹ̀ ni o ń wá nínú ẹrẹ̀ yìí láti àárọ̀?" Ìyá Àgbà bi í.

Ìyá Àgbà yìí, Àdùfẹ́ lorúkọ rẹ̀, òun ló bí Ràhámọ̀tù. Láti Ìsẹ́yìn ló ti wá kí wọn nínú oṣù Kejìlá, inú oṣù Kẹfà ni yóò sì padà. Ogójì ọdún ló fi ta òwú fún àwọn ahunṣọ, bí fọ́nrán kan bá sì dín nínú igba, á mọ̀. Jígí tó ń lò kò dí ojú rẹ̀ lọ́wọ́ ohunkóhun.

"Mò ń kà wọ́n ni, Grandma. I have to count them. Àgbà lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀."

Bí Ìyá Àgbà ti gbọ́ "ọmọ lọ́tọ̀", ó bọ́ jígí rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún, kò sọ nǹkan kan. Chicago ni wọ́n ti bí Muminat. Ó rò pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà.

"Ẹ bá mi ṣe díẹ̀, please. Ojú yín dára ju tèmi lọ. Ẹ kàn máa fa ìlà sínú notebook, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tí mo bá ti school dé."

"Ṣé àwọn tó fún ọ níṣẹ́ ò ní bínú?"

"Wọn ò ní mọ̀."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "wọn ò ní mọ̀". Kò wúwo lẹ́nu rárá, ó sì ti ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sí kòtò tí wọn kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ó sì fa àga sún mọ́ tábìlì.

Ọjọ́ márùn-ún ni Ìyá Àgbà fi ṣe iṣẹ́ náà. Bó bá ti kírun ọ̀sán tán, á jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, á máa wò, á máa fa ìlà, á sì máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí àwòrán títí ìṣínu yóò fi tó. Bí Muminat bá ti ilé ìwé dé, á ka ìlà inú ìwé, á tẹ iye wọn sí àyè àgbà. Kò sí ìlà kankan fún ọmọ. Ó tẹ òdo. Ó tún tẹ òdo. Ó ṣe é ní kàyéfì lẹ́ẹ̀kan, nítorí nínú àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kà, ọmọ pọ̀. Ṣùgbọ́n òdo yá láti tẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kò ṣí àwòrán kankan wò. Òun ló kọ́kọ́ parí nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó wọ reluwé lọ sí ìlú. Dókítà Olúwatóyọ̀sí Ọbádáre, ọ̀gá iṣẹ́ náà, ti ń dúró dè é. Ọmọ Olympia Fields ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Oǹdó, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń rìn bí ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀. Muminat tẹ eékún díẹ̀ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Muminat! First to finish!" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi "ẹ" kí ọmọdé àti àgbà, ẹnikẹ́ni kò sì láyà láti tọ́ ọ sọ́nà. "Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà. Wò ó. Apá gúúsù ni tìẹ, abi? From north to south. Ọmọ wà, ọmọ wà, ọmọ wà, then after photo two-twelve, òdo. Zero, all the way down. Khàdíjàh's side, ní àríwá, ọmọ kún ibẹ̀. Ṣé o wò ó dáadáa?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú ọmọ yìí. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ: "Grandma mi ló kà á, ma." Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ọkọ̀ ojú omi lọ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, kì í sì í ṣe ààwẹ̀ nìkan ló gbẹ ẹ́.

"Mo wò ó dáadáa, ma. I checked it twice."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò sùn tó. "Okay. Then it's real. Ọ̀kan nínú àwòrán mẹ́wàá ló yẹ kí ẹlòmíràn tún kà, but àwọn council tó ni àṣẹ lórí òkun yẹn ti ń pè mí every day, wọ́n fẹ́ report. Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó fi ọwọ́ kan Muminat léjìká. "That seat in June, it's basically yours. Má tíì sọ fún àwọn yòókù."

Ó yẹ kí inú Muminat dùn. Ó dùn díẹ̀, fún ìdajì ọ̀nà ilé.

Wọ́n ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀, yìnyín tán, koríko yọ. Nígbà tó di àárín oṣù Kẹrin, Dókítà Ọbádáre pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, ó sì fi àwòrán ilẹ̀ kan hàn wọ́n lára ògiri. Àwọ̀ ewé ni apá àríwá òkun tí wọ́n dáàbò bò náà. Àwọ̀ eérú ni gúúsù.

"Níbi tó jẹ́ grey yìí," ni Dókítà wí, "data wa sọ pé àgbà nìkan ló wà, kò sí ọmọ. Nothing is breeding there. So àwọn council tó ń bójú tó reserve yìí ní kò sídìí láti máa tì í pa mọ́. On the twenty-eighth they'll vote. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, àwọn ọkọ̀ apẹja á wọlé."

"Apẹja báwo, ma?" Khàdíjàh béèrè. Ọmọ Bolingbrook ni Khàdíjàh, òun àti Muminat ti di ọ̀rẹ́ láti oṣù Kìíní.

"Àwọ̀n ńlá. Wọ́n máa ń wọ́ ọ nílẹ̀ òkun, like a broom. Ohun gbogbo tó bá wà níbẹ̀, ó máa gbá a."

Nínú reluwé tó ń lọ sí Matteson, Muminat ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá àwòrán igba ó lé mẹ́tàlá, èyí àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ kò rí rí. Òdòdó òkun kan dúró lórí òkúta. Ọmọ méje yí i ká nídìí. Ó ṣí èyí tó tẹ̀lé e, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ṣí òmíràn, ọmọ mẹ́rin. Òmíràn, ọmọ mẹ́sàn-án. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì gbé orí lé fèrèsé títí tí wọ́n fi dé ibùdókọ̀ rẹ̀.

Ìyá Àgbà wà nínú ilé ìdáná, ó ń rẹ́ ilá. Muminat gbé kọ̀ǹpútà náà síwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òtútù lọ́rùn.

"Grandma, àwọn kékeré tó wà lára ìyá wọn yìí, ṣé ẹ ò rí wọn ni?"

Ìyá Àgbà bojú wo àwòrán, ó rẹ́rìn-ín. "Mo rí wọn kẹ̀. Àbí ojú mi fọ́? Gbogbo ìyá wọn ni mo kí kú ewu, lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Kí ló dé tí ẹ ò kà wọ́n?"

"Háà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"But they're animals, Grandma! Inú òkun ni wọ́n wà!"

"Ẹran ò lè ní ìyá ni?" Ìyá Àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Muminat, ǹjẹ́ o ti gbọ́ iye ọmọ tí mo bí láti ẹnu mi rí? Nínú fọ́ọ̀mù físà, wọ́n béèrè. Ìyá rẹ ló kọ ọ́ láti ibí, èmi ò fi ẹnu mi sọ ọ́. Àwọn kan wà tí mo sin. Bí mo bá ń kà wọ́n, ojoojúmọ́ ni n óò máa bá a pé wọ́n dín. Mo bá fi kíkà sílẹ̀. Nígbà tí o ní kí n ka àgbà lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀, mo ní ọmọdé ni ọ́, wọn ò tíì kọ́ ọ. Mo ka àwọn ìyá, mo sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tó ni wọ́n."

Muminat fẹ́ bínú, kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó sì sunkún.

Nígbà tó pe Khàdíjàh lórí fóònù, Khàdíjàh kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Mumi, calm down. Just fix it. Kọ nọ́ńbà sí i. Three here, five there. Sọ pé file yẹn corrupt, that you found the real one. Ta ni ó máa mọ̀?"

"Nǹkan tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, ìyẹn náà ni mo kọ́kọ́ sọ. Pé wọn ò ní mọ̀."

"Ṣé o fẹ́ lọ sórí boat yẹn àbí o ò fẹ́ lọ?"

Ó fẹ́ lọ. Ó ṣí ìwé iye náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí orí rẹ̀ bá sọ: mẹ́rin, méjì, mẹ́fà. Ó kọ ti àwòrán méjìlá. Ó wá wo ohun tó kọ, ojú tì í, nítorí ó ti ń bí ọmọ tí kò sí fún àwọn ìyá tí kò wò lójú. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Muminat kò tiẹ̀ pé oṣù méjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti ilé ìwé gba ọ̀fíìsì Dókítà Ọbádáre lọ. Ó kúnlẹ̀ gidi lọ́tẹ̀ yìí, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì sọ ohun gbogbo láìfi ọ̀kan pa mọ́: Ìyá Àgbà, ìwé ìlà, òdo, àti irọ́ tó fi dáhùn.

Dókítà kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. Ó fi àtàńpàkò méjèèjì tẹ ojú rẹ̀.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Daddy mi máa ń sọ ọ́. Tí wọ́n bá bi wọ́n ní church pé how many kids, wọ́n á ní, 'God knows them.'" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. "Grandma yín kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ni wọ́n ṣe. But you, Muminat. You signed. Ìyẹn gan-an, mo lè forgive. Ó rẹ̀ ọ́, I get it, ó rẹ èmi náà, that's why I skipped the second count, and that one is on me. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́. Lójúkojú, mo bi ọ́. Mo fún ọ ní chance láti sọ ọ́."

"Ẹ máa bínú, ma."

"Dìde. I have to call the council now, kí n sọ fún wọn pé map wa kì í ṣe òótọ́. Tí a bá tún gbé èyí tó jẹ́ òótọ́ wá, wọn ò ní tètè gbà wá gbọ́ mọ́. Gbogbo iṣẹ́ àwọn márùn-ún yòókù, a máa tún un yẹ̀ wò. Ìwọ á tún tìẹ kà, all six hundred, níbí, nínú lab." Ó gbé fóònù rẹ̀. "Boat yẹn... rárá. Mi ò lè mú ọ lọ. I'm sorry."

Muminat kò jiyàn. Ó ti mọ̀ kó tó wọlé.

Ilé ni wàhálà kù sí. Ràhámọ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó ń múra àtilọ síbi iṣẹ́, nígbà tó gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi ti bọ́. Ó pariwo. "Ọkọ̀ tó o ti ń sọ láti January! Nítorí kí ni?" Bí Muminat ti ń ṣàlàyé ti Ìyá Àgbà àti àwọn ọmọ tí kò kà, Ìyá Àgbà dìde, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ó ti we gèlè, ó ti gbé ẹ̀wù òtútù Gàníyù wọ̀, ó tóbi mọ́ ọn débi pé ọwọ́ rẹ̀ kò yọ síta. Ó ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà olókùn.

"Ẹ gbé mi lọ bá obìnrin náà."

"Grandma, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

"Kí n lọ bẹ̀ ẹ́ ni. Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́, orí eékún ni n óò wà títí yóò fi gbọ́. Bó bá jẹ́ pé Yorùbá ló bí i, á gbé mi dìde, á ní ó ti tán."

Ràhámọ̀tù ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Òótọ́ ni màmá mi sọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. It will work, Muminat. Taa ló máa rí ìyá bí èyí lórí ìkúnlẹ̀ táá ní rárá? Mo máa pe ibi iṣẹ́ pé mo máa pẹ́ díẹ̀. Wọ bàtà rẹ."

Muminat mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ó rí i lójú ara rẹ̀: Dókítà yóò dìde gìrì, yóò gbé arúgbó náà sókè, omi yóò lé ròrò lójú rẹ̀, kò sì ní lè sọ pé rárá mọ́. Nínú oṣù Kẹfà, Muminat yóò wà lórí òkun. Kò ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kàn ní láti wọ bàtà rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Grandma. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀."

"Èmi ni mi ò kà á."

"Ẹ ò kà á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n bi mí, ma. Dr. Ọbádáre bi mí lójúkojú pé ṣé mo wò ó dáadáa. Mo ní mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ò sí níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo parọ́."

Ìyá Àgbà wò ó lójú. "Ìgbà wo nìyẹn?"

"Nínú oṣù Kẹta."

"Nínú ààwẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Ìyá Àgbà jókòó. Ẹ̀wù Gàníyù gbé e mì lórí àga. Ràhámọ̀tù fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kí ló fà á tó o fi gbé iṣẹ́ rẹ fún Grandma?"

"Ó rẹ̀ mí, Mommy."

"Ó rẹ̀ ọ́." Ràhámọ̀tù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Níbi iṣẹ́ mi, àwọn arúgbó mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ mi tí wọn ò lè yí ara wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Every two hours, èmi ni mo máa ń yí wọn. Tí mo bá yí wọn tán, mo máa sign pé mo ti yí wọn. Nígbà míì, ẹ̀yìn mi á ní òun ò lọ mọ́. Tí mo bá sign láì yí wọn, ta ló máa mọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Kò sẹ́ni táá mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, egbò á ti jẹ ẹ̀yìn màmá ẹni ẹlẹ́ni wọ eegun. Ó máa ń rẹ̀ mí, Muminat. Mo máa ń sọ fún supervisor pé ó rẹ̀ mí. Èmi kì í sign láì yí wọn."

Ó dìde, ó wá àpò rẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, kò pe ẹnikẹ́ni pé òun máa pẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, Muminat ń lọ sí yàrá ìwádìí náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ó jókòó ti àwòrán, ó ń ka ìyá, ó ń ka ọmọ, ẹlòmíràn sì ń tún un kà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ta á bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, ó ń sọ pé ó rẹ òun, Dókítà á ní kó lọ mu omi, kó sì padà wá lọ́la. Àwọn ìgbìmọ̀ sún ìdìbò wọn síwájú di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí iye tuntun kí àwọn tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí wọn yóò sọ. Ní ọjọ́ tí Khàdíjàh, tí wọ́n yàn dípò rẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú omi, Muminat wà lórí àwòrán ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlélógójì, ọmọ mẹ́fà ló sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ yín. Ilé ìwé ń bẹ, ìdánwò ń bẹ, iṣẹ́ ilé ń bẹ, ó sì rẹ àwọn òbí yín kọjá ohun tí wọ́n lè sọ fún yín. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá rẹ̀, kó sọ pé ó rẹ òun, wọn yóò fún un ní ọjọ́ kan sí i, tàbí kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó pa ènìyàn nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n má ṣe fọwọ́ sí ohun tí ojú rẹ kò rí. Bí wọ́n bá sì wá bi ọ́ léèrè lójúkojú, ibẹ̀ ni kí o ti sọ òótọ́, nígbà tí kò tíì ju gbólóhùn kan lọ.